Ojúgun Mi àti Awò Oníná Ilẹ̀ Tansanía

Ẹ̀yin ará Àlímọ̀ṣọ́, mo kí yín o. Láti ọjọ́ tí mo ti Tansanía dé ni ẹ ò ti jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá yọ sí Ìkòtún láti ra ẹja, wọ́n á ní, ṣé n kò mú ọmọ kìnnìún kan bọ̀ ni. Bí mo bá dé Ẹgbẹ́dá, wọ́n á bi mí bóyá àwọn ará ibẹ̀ ń wọ bàtà. Ìyá kan ládùúgbò wa ní Gowon Estate bi mí bóyá òyìnbó ni wọ́n. Nígbà tí mo ní adúláwọ̀ bíi tiwa ni wọ́n, ó ní kí ló wá gbé mi dé ọ̀hún. Ìdáhùn ìbéèrè ìyá yẹn ni mo jókòó kọ yìí. Ẹni tó bá kà á tán, kó má bi mí léèrè kìnnìún mọ́ jàre, n kò rí ẹyọ kan.

Sìdíkátù lorúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Ìgándò, níbi tí a ti ń tọ́jú àrùn awọ ara. Ìyá Kúdí làwọn tó mọ̀ mí nílé ń pè mí. Ohun tí wọ́n rán mi lọ kọ́ ní Tansanía ni lílo awò kékeré kan tó níná lẹ́nu, tí wọ́n ń gbé lé awọ ara láti fi rí ohun tí ojú lásán kò lè rí. Ó ń ran dókítà lọ́wọ́ láti ya kókó tó jẹ́ jẹjẹrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kàn jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀, tí kò ní í pa ẹnikẹ́ni. Àwọn kókó jẹ́jẹ́ yẹn pọ̀, òmíràn nínú wọn sì ṣọ̀wọ́n débi pé nọ́ọ̀sì lè ṣiṣẹ́ títí á fi fẹ̀yìn tì láìfojú kàn án.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni kí n tó lọ ni pé èmi náà ní kókó kan. Ó wà lójúgun ẹsẹ̀ òsì mi. Ó pupa, ó ń dán, kò sì ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, mo yọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Ìkòtún, ẹni jẹ́jẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní òun ò fẹ́ dẹ́rù bà mí, ṣùgbọ́n ó jọ jẹjẹrẹ. Ó ní ohun tó dáa jù ni kí wọ́n gé e kúrò pẹ̀lú ẹran tó yí i ká, kí wọ́n bu awọ láti itan mi fi dí ojú ibẹ̀, kí wọ́n sì gbé èyí tí wọ́n bá gé lọ sí láàbù. A fi iṣẹ́ abẹ náà sí ìgbà tí mo bá ti àjò dé.

Bàbá Kúdí, ọkọ mi, tíṣà báyọ́lọ́jì ní Ìpájà, jẹ́ ẹni tí oorun ń dá lójú rẹ̀ bí mo bá kàn húkọ́. Mo ní n kò ní fi èyí kún un. Mo fa ìbọ̀sẹ̀ gígùn wọ̀, mo dágbére fún òun àti ọmọ wa, mo bá ọ̀nà lọ. Àyà mi ń já, bẹ́ẹ̀ ni inú mi ń dùn. N kò mọ̀ pé èèyàn lè gbé àwọn méjèèjì dání lẹ́ẹ̀kan náà.

Dídé

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Mo ti rò pé gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ ló ń gbóná bíi tiwa, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo sì wọ̀. Èkejì ni ìdákẹ́jẹ́. Ní pápákọ̀ òfurufú wọn, kò sẹ́ni tó ń ti ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó ń pariwo. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìgbà tí ọmọ bá ń sùn nínú yàrá. Ọkùnrin tó yẹ ìwé ìrìnnà mi wò fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi, ó ní, "Karibu," ìyẹn ni pé ẹ káàbọ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń retí ohun tó tún máa béèrè. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó rọra ní kí n máa lọ.

Wọ́n tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀run kan, wọ́n ní òkè Kilimanjáró wà níbẹ̀ yẹn. Àwọsánmà nìkan ni mo rí. Mo rò pé wọ́n ń fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àfi ìgbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí mo ṣí fèrèsé, tí mo rí i tó dúró gbàgìdì, tí orí rẹ̀ funfun báláú. Mo pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀.

Ilé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mama Upendo ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Upendo lorúkọ ọmọ rẹ̀ àgbà. Bí wọ́n ṣe ń pe abiyamọ níbẹ̀ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bíi tiwa, kò sì pẹ́ tí èmi náà fi di Mama Kudi. Ó tù mí lára gan-an. Mo ní ibi tí wọ́n bá ti ń fi ọmọ pe ìyá, wọn ò ní jẹ́ kí àlejò sùn lébi.

Àgbà ni Mama Upendo, irun rẹ̀ ti funfun. Nítorí náà, bó ṣe ṣílẹ̀kùn fún mi ni mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ẹ kúulé mà. Obìnrin náà lọgun. Ó rò pé ìrìn-àjò ti dá mi wó ni. Ó fọwọ́ bọ abẹ́ apá mi, ó ń fà mí sókè, ó ń wí pé, "Pole, pole sana." Bó ṣe ń fà mí sókè ni èmi náà ń wúwo sílẹ̀, torí n kò tíì kí i tán. Díẹ̀ ló kù kí àwa méjèèjì jọ wó lulẹ̀ sórí àpótí mi.

Ìgbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi ni mo mọ̀ pé pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè ní pole. Ìtumọ̀ rẹ̀ bá tiwa mu, ìró rẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Bí o bá fẹsẹ̀ kọ, pole. Bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, pole. Bí òjò bá pa ọ́, pole. Lọ́dọ̀ tiwa, pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, a lè fi kí èèyàn, a sì lè fi gún un lára. Abo rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́hùn-ún.

Àwọn ọmọdé ibẹ̀ á tẹrí ba níwájú àgbà, wọ́n á ní "Shikamoo." Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo di ẹsẹ̀ yín mú. Wọn ò kúnlẹ̀, wọn ò dọ̀bálẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ mú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹsẹ̀ báyìí, ojúgun mi á ta mí, mo sì máa ń fa ìbọ̀sẹ̀ mi sókè.

Ata

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọba oúnjẹ lágbègbè òkè yẹn. Wọ́n ń fi ẹran se ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù títí á fi rọ̀ bí àsáró, ó sì dùn. Wọ́n tún ń jẹ ugali, ìyẹ̀fun àgbàdo funfun tí wọ́n ro bí ẹ̀bà, tó le dáadáa. Wọ́n bù ú fún mi, mo bu òkèlè, mo gbé e mì. Obìnrin tó jókòó tì mí dúró, ó ń wo ọ̀fun mi. Ó bi mí bóyá ara mi le.

Obìnrin náà ni Chimwemwe. Nọ́ọ̀sì láti ilẹ̀ Màláwì ni, ẹ̀kọ́ kan náà ló gbé wa wá, yàrá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nílé Mama Upendo. Ó ní ayọ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ òun lédè wọn, orúkọ náà sì ro ó lóòótọ́, torí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní tiwọn, jíjẹ lẹ́nu ni wọ́n ń jẹ òkèlè bí ẹran. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń rún òkèlè lẹ́nu, eyín ń dùn ún ni. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti fẹ́ jẹun, á ní kí gbogbo ilé wá wò mí.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni ata. Wọn kì í fi sínú ọbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ abọ́ ni wọ́n ń gbé e sí bí ẹni tí kò dá a lójú. A dúpẹ́ pé mo gbé ata gígún láti ilé. Mama Upendo ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò. Mo kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó mu tíì, ó mu omi, ó fi ìbòrí rẹ̀ nujú, ó sì ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wá nílùú wa. Lọ́jọ́ kejì, ó rọra bi mí níbo ni mo gbé e sí.

Ohùn mi náà dá wàhálà sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo bá Bàbá Kúdí sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú ọgbà. Lọ́jọ́ kejì, Mama Upendo fi mí jókòó, ó fún mi ní tíì oní-ata-ilẹ̀, ó ní kí n ṣe sùúrù pẹ̀lú ọkọ mi, kò sí ilé tí kò sí ìjà. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní n kò bá a jà o, mo kàn bi í bóyá wọ́n ti mú iná wá ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ

Dókítà Neema ló ń kọ́ wa ní ilé ìwòsàn kan ládùúgbò. Neema yẹn náà ni àwa Mùsùlùmí ilé ń pè ní Nímọ́tà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àgbàlagbà, kì í sáré ṣe ohunkóhun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé awò oníná náà dání, ó fi jẹ́lì sí ara aláìsàn, ó gbé awò lé e bí ẹni gbé ẹyin lé aṣọ. Ó ní bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò nínú àwọn iṣan wẹ́wẹ́, a ò sì ní rí wọn mọ́. Èmi tí mo máa ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ kó lè jẹ́, mo jìyà kí ọwọ́ mi tó rọ̀.

Òfin kan ló fún wa. A ò gbọ́dọ̀ dárúkọ kókó kankan kí a tó júwe rẹ̀. Kí la rí? Àwọ̀ wo? Ilà ni tàbí tóótòòtó? Báwo ni wọ́n ṣe tò? Ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ àrùn ló máa se tíì fún gbogbo kíláàsì. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, mo mọ òwe yẹn láti kékeré, síbẹ̀ èmi ni mo se tíì jù. Bí mo bá ti rí kókó tó pupa báyìí, jẹjẹrẹ ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó mọ̀dí rẹ̀.

Àgbẹ̀ kan tó ń gbin kọfí wá lọ́jọ́ kan. Kókó pupa kan yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń sunkún pé wọ́n máa gé ẹsẹ̀ bàbá àwọn. Dókítà Neema gbé awò lé e, a sì rí iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó yọ bí ewé òdòdó. Ó ní ó jọ kókó kan tó ṣọ̀wọ́n, tó máa ń ti inú ihò òógùn yọ, tí kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n yọ ọ́ ní kékeré, láàbù sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Bàbá náà padà wá pẹ̀lú odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí. Gbogbo wa jẹ ẹ́, gbogbo wa yọ̀. Èmi lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo wo ojúgun mi. Ó ti tún ṣẹ̀jẹ̀.

Bí mo ṣe ń wẹ̀

Kò pẹ́ sí i ni Dókítà ní kí a máa fi awò wo ara wa ní méjì-méjì. Chimwemwe ló kàn mí. Mo nawọ́ sí i, mo ní kó wo àmì tó wà ní apá mi. Ó wò ó tán, ó júwe rẹ̀ dáadáa, àfi bó ṣe bojú wolẹ̀ tó rí ẹ̀jẹ̀ lára ìbọ̀sẹ̀ mi. Mo ní ẹ̀fọn ni. Ó ní irú ẹ̀fọn wo nìyẹn. Kí n tó ronú irọ́ mìíràn, ó ti ká ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, ó ti gbé awò lé e. Ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó lọ pe Dókítà.

Dókítà Neema jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀. Ojú tì mí. Mo fẹ́ fa ẹsẹ̀ mi padà, torí wọn ò tọ́ mi kí àgbà máa gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, ṣùgbọ́n ó di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú. Ìgbà náà ni mo sọ ohun gbogbo fún wọn: dókítà tó wà ní Ìkòtún, ẹran tí wọ́n máa gé, awọ tí wọ́n máa bu nítan mi. N kò tíì fi ẹnu mi sọ ọ́ rí. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Lẹ́yìn náà ó wo inú awò fún ìgbà pípẹ́.

"Mo rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ," ó ní. "Mo rí èépá. Mo rí ojú ibi tí nǹkan ti họ ọ́, òmíràn ti gbó, òmíràn tútù. Kókó náà fúnra rẹ̀, n kò rí i rárá. Kí lò ń fi ẹsẹ̀ yìí ṣe?"

"Kò sí o, mà. Mo kàn ń wẹ̀ ni."

"Dókítà," Chimwemwe ní, "ẹ ò tíì gbọ́ bó ṣe ń wẹ̀ ni. Láràárọ̀ ni mo ń rò pé ìkòkò ló ń fọ̀."

Dókítà ní kó lọ mú ohun tí mo fi ń wẹ̀ wá. Ilé kò jìnnà. Ó gbé kànìnkànìn mi dé, kànìnkànìn gidi, èyí tí mo rà tuntun ní Ìkòtún nítorí àjò. Dókítà Neema fi ra ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yára gbé e sílẹ̀. Ó bi mí ta ló ní kí n máa fi èyí fọ kókó.

Ìyá mi ni. Nílé wa, ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ dókítà kì í gbé ìdọ̀tí lọ. Á fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn wẹ̀ títí ara á fi máa dán, ibi tó ń dùn ún gan-an ló sì máa fọ̀ jù, torí ibẹ̀ ni dókítà máa wò. Àbùkù ìyá ni bí ọmọ rẹ̀ bá bọ́ aṣọ níwájú nọ́ọ̀sì tí ara rẹ̀ kò mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òótọ́ ni mo ń sọ. Kí n tó lọ sọ́dọ̀ dókítà Ìkòtún, mo fọ ojúgun mi títí ó fi ń ta mí. Kí n tó lọ sí kíláàsì, mo fọ̀ ọ́. Láràárọ̀ ni mo ń bó ojú rẹ̀, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí mo ń rí ẹ̀jẹ̀, tí mo ń bẹ̀rù, tí mo tún ń fọ̀ ọ́ gidi sí i. Dókítà Ìkòtún kò jẹ̀bi. Ọgbẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi dá ni mo gbé lọ bá a.

Inú mi fẹ́ dùn, ṣùgbọ́n Dókítà Neema dá mi dúró. "N kò sọ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ o," ó ní. "N kò tíì rí i ni. Ọwọ́ àti omi nìkan ni kó o fi wẹ ibẹ̀, títí èépá yẹn á fi ṣí fúnra rẹ̀."

Odó kọfí

Mama Upendo ló gba kànìnkànìn náà, ó gun àga, ó gbé e sókè àpótí aṣọ rẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ó nira fún mi. Ẹni tó ti ń fi kànìnkànìn wẹ̀ láti ìgbà ìkókó, bó bá fi ọwọ́ lásán wẹ̀, á máa ṣe é bí ẹni pé kò tíì jí. Mo ń dúró nínú balùwẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ nà.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, Mama Upendo ń gbàdúrà ní ti Kírísítẹ́nì rẹ̀, èmi ń kírun ní tèmi, Chimwemwe ń dá wa lẹ́rìn-ín. Nígbà tí Mama Upendo rí i pé ọkàn mi kò balẹ̀, ó ní kí a lọ kí àwọn ará ilé òun ní orí òkè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló bo gbogbo ọ̀nà, kọfí wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi tútù ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá.

Àwọn obìnrin ilé náà ń gún kọfí nínú odó, wọ́n ń kọrin sí i. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́mọ odó. Wọ́n wò mí, wọ́n fún mi pẹ̀lú ìfura. Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ mọ̀ pé ilé oníyán ni wọ́n ti tọ́ mi? Mo gún un, mo ju ọmọ odó sókè, mo pàtẹ́wọ́ sí i, mo gbá a mú, mo tún gún un. Orin dá dúró. Ìyá àgbà kan dìde lórí àpótí, ó wá jó yí mi ká. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. A jó títí kọfí fi kúná ju bó ṣe yẹ lọ, a sì mu ún bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbàgbé pé mo ní ojúgun.

Ohun tí mo rí

Nígbà tí èépá ṣí, Dókítà Neema ní kí n wá jókòó níwájú gbogbo kíláàsì. Ó so awò mọ́ fóònù, kí àwòrán lè hàn lórí tẹlifísàn tó wà lára ògiri. Ó fi jẹ́lì sí i, ó gbé awò lé e láìtẹ̀ ẹ́. Mo ti di ojú mi.

"La ojú rẹ," ó ní. "Ìwọ lo máa júwe rẹ̀."

Mo la ojú mi. "Mo rí tóótòòtó pupa," mo ní. "Wọ́n kéré bí orí abẹ́rẹ́."

"Báwo ni wọ́n ṣe tò?"

"Wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n ń wọ́ lọ, wọ́n ń ṣẹ́rí padà, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn." Mo na ìka sí tẹlifísàn. "Ìlẹ̀kẹ̀ ni, mà. Gbogbo rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀."

Ó ní kí n wá dárúkọ rẹ̀. Èmi tí mo ti se tíì fún gbogbo ayé nítorí àìlèpa ẹnu mọ́, n kò lè sọ̀rọ̀. Òun ló dárúkọ rẹ̀. Orúkọ náà gùn, akantómà ló parí sí. Ó ní kókó tó ṣọ̀wọ́n ni, tí kì í pa èèyàn, tí kì í sì í rìn lọ síbòmíràn nínú ara. Ó ní kò wọ́pọ̀ kí nǹkan mìíràn to iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ báyẹn. Ṣùgbọ́n awò kì í dájọ́, ó ní, ó ń tọ́ka ọ̀nà ni. Ó gé bíńtín nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù. Kí n tó palẹ̀ ẹrù mọ́, èsì dé: kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Dókítà Neema. Mama Upendo ti ròyìn mi fún un, nítorí náà kò bẹ̀rù. Òun náà kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, a wá jọ ń wojú ara wa nílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ dìde. Chimwemwe ló fà wá sókè.

Ilé

Mo dé Èkó, ooru gbá mi mọ́ra. Kí n tó jáde ní pápákọ̀ òfurufú, ẹnìkan ti jágbe mọ́ mi pé kí n kúrò lọ́nà, èmi náà ti dá a lóhùn, ara mi sì yá gágá. N kò sọ nǹkan kan fún Bàbá Kúdí lórí fóònù, ojúkojú ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ gba Ìkòtún lọ, kí n lè sọ pé iṣẹ́ abẹ ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Dókítà náà ka èsì láàbù, ó wo àwòrán. Mo gbé awò tí wọ́n fún wa lé ojúgun mi kó lè rí i fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní mo ṣeun tí mo padà wá fi han òun, ó sì bẹ̀ mí kí n wá kọ́ òun àti àwọn nọ́ọ̀sì òun. Ó fa orúkọ mi yọ kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mo ti dìde tán.

"Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín kí wọ́n fọkàn balẹ̀ báyìí," ó ní.

Mo ní ọkọ mi kẹ̀? Ó wò mí, ó rí i pé n kò mọ̀ lóòótọ́. Ó ní Bàbá Kúdí wá bá òun nígbà tí mo wà lájò. Ó ní ọkọ mi kò béèrè ohun tó ń ṣe mí, pé ó ní bí mo bá fẹ́ kí òun mọ̀, mo máa sọ. Bàbá Kúdí kàn ní òun rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ibùsùn níbi tí ẹsẹ̀ mi máa ń wà, òun sì rí mi níbi tí mo ti ń jáde ní ọsibítù yìí. Ohun tó bá wá ni pé bí wọ́n bá máa gé ẹran lẹ́sẹ̀ ìyàwó òun, tí wọ́n sì nílò awọ tí wọ́n máa fi dí i, kí wọ́n bu ú lára òun.

"Mo ṣàlàyé fún wọn pé ara ẹnìkan kì í gba awọ ẹlòmíràn," dókítà ní. "Wọ́n ní àwọn mọ̀, àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Wọ́n ní, 'Ṣùgbọ́n tọkọtaya ni wá, dókítà. Ẹ dán an wò ná.'"

N kò mọ bí mo ṣe dé Gowon Estate. Bàbá Kúdí jókòó sí pálọ̀, ó ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ó dìde láti gba ẹrù lọ́wọ́ mi, mo ní kó jókòó. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi, mo gbé ẹsẹ̀ mi sórí àpótí tó wà níwájú rẹ̀, mo ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò kan ojúgun mi fẹ́rẹ́, ó mí kanlẹ̀, èémí náà sì pẹ́ kó tó tán.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò bi mí. Ó ní mo ti ṣe wàhálà púpọ̀ kó má bàa mọ̀, òun ò fẹ́ kí wàhálà yẹn já sí asán. Mo rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, n kò mọ èyí tí mò ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti bi í pé itan rẹ̀ wo ló fẹ́ kí wọ́n bu.

Ó dá mi lóhùn kíá, bí ẹni tó ti rò ó tán láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ti ọ̀tún," ó ní. "Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo fi ń sùn."